Kí Ọkàn Yín Tó Lè Balẹ̀ Láti Gbé Ìbọn Jáde ní Texas

Lóṣù tó kọjá, àbúrò mi kan tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dúró dè mí ní ṣọ́ọ̀bù títí oníbàárà fi tán. Ó ní òun ti ra ìbọn ìléwọ́ láti bí oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, pé ó wà nínú sééfù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun, pé òun kò sì tíì gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà ilé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Àǹtí, ẹ̀rù ìbọn yẹn ń bà mí ju ẹ̀rù olè lọ." Mo ní kó fa àga, kó jókòó. Ohun tí mo bá a sọ lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síbí, torí mo mọ̀ pé ó ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn wa bẹ́ẹ̀.

Oúnjẹ ilẹ̀ wa ni mò ń tà ní Bissonnet, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston: gàrí, ẹ̀lùbọ́, ẹja pánlá, irú, epo pupa. Lọ́dún 2019, mo gba owó ní báǹkì lọ́sàn-án gangan láti san fún ẹni tó kó iṣu wá fún mi. Mi ò wẹ̀yìn rárá. Bí mo ṣe gúnlẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù báyìí, ọmọkùnrin kan ti fọ́ gíláàsì ọkọ̀ lápá kejì, ó ti gbé báàgì, ó ti lọ. Mi ò tíì tú bẹ́líìtì ìjókòó lára. Àwọn ará Houston ní orúkọ fún irú olè yìí, "jugging" ni wọ́n ń pè é: wọ́n á lúgọ sí ìtòsí báǹkì, wọ́n á tẹ̀ lé ẹni tó gbowó títí á fi dúró. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mi ò fi lè dá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lálẹ́.

Mo rò nígbà náà pé tí mo bá ti ra ìbọn, ẹ̀rù á tán. Kò tán. Ẹ̀rù olè ṣì wà ńbẹ̀, ẹ̀rù ìbọn wá kún un. Ìfọ̀kànbalẹ̀ tí mo ní lónìí, ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ ní in kó tó dé àyà. Ọwọ́ tó bá ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í gba ojú lọ́wọ́ ẹni mọ́, ojú á sì ráyè wo àyíká. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ dé.

Ẹni tí kò yẹ kó gbé e

Kí ẹ tó ná dọ́là kan, ẹ wo ìwé ìgbélùú yín. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gbà kí ẹni tó wọlé pẹ̀lú físà onígbà díẹ̀, ì báà jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́, ti iṣẹ́ tàbí ti àbẹ̀wò, ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àfi ìwọ̀nba àwọn tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó gba ìwé àṣẹ ọdẹ. Ẹni tí kò ní ìwé rárá kò gbọ́dọ̀ dábàá rẹ̀. Ẹni tó ní green card lè rà á, ọmọ onílùú náà lè rà á. Mo ń tẹnu mọ́ èyí torí àwọn ọmọ wa tó wà ní yunifásítì máa ń bá ọ̀rẹ́ lọ sí ibi ìdánrawò, wọ́n á gbé ìbọn lọ́wọ́, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbígbé e lọ́wọ́ yẹn nìkan lè di ẹ̀sùn, kó sì ba ọ̀rọ̀ ìwé wọn jẹ́ títí ayé.

Ẹ má sì ra ìbọn fún àbúrò tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Lórí fọ́ọ̀mù 4473 tí a máa ń kọ ní ṣọ́ọ̀bù ìbọn, wọ́n á bi yín bóyá ẹ̀yin gan-an lẹ ń rà á, tí kì í ṣe pé ẹ ń bá ẹlòmíràn rà á. Ẹni tó bá purọ́ níbẹ̀ nítorí ẹlòmíràn ti wọ ọ̀ràn ńlá. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2022 lè rán ẹni tó bá ra ìbọn lórúkọ ẹlòmíràn lọ sẹ́wọ̀n ọdún 15. Ọ̀rọ̀ ẹbí kò sí níbẹ̀.

Mi ò ní bo ọ̀rọ̀ kejì mọ́lẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í fẹ́ sọ ọ́ láàárín ara wa. Nínú àwọn tí ìbọn ń pa lọ́dọọdún ní Amẹ́ríkà, àwọn tó yìn ín sí ara wọn ju ìdajì lọ. Bí ìbànújẹ́ bá ti ń dì yín mú, tí oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun, tí ayé ti sú yín, ẹ má gbé ìbọn wọ ilé yín lásìkò yẹn. Ẹ wá dókítà lọ. Bí ìjà tọkọtaya bá ti ń kan ẹ̀ṣẹ́, ẹ má gbé e wọlé pẹ̀lú. Ọdún tí ọkọ mi kú, mo gbé tèmi fún ṣọ́ọ̀bù ìbọn kan tó máa ń bá ènìyàn tọ́jú rẹ̀ sínú sééfù wọn, ó sì wà lọ́wọ́ wọn fún oṣù mẹ́fà. Ẹnikẹ́ni ò ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mọ bí òru ṣe ń gùn fún mi ni.

Òfin bàbá àgbà

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, ọdẹ sì ni bàbá tó bí bàbá mi. Ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ máa ń wà ní ìkọ́ lára ògiri, ẹ̀tù á wà nínú àdó ní yàrá mìíràn. Ọmọ tó bá ré ẹnu ìbọn náà kọjá á jẹgba, ọta ì báà wà níbẹ̀, ì báà má sí. Wọ́n á ní: "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí wọ́n kọjú ìbọn sí òun?" Nígbà tí mo dé kíláàsì ní Houston tí olùkọ́ ń ka òfin mẹ́rin fún wa, ńṣe ló dà bíi pé mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn rí.

Gbogbo ìbọn ló ní ọta nínú títí ẹ̀yin fúnra yín á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnu ìbọn kò gbọ́dọ̀ kọjá lórí ohunkóhun tí ẹ kò fẹ́ pàdánù, títí kan ẹsẹ̀ yín. Ìka kò gbọ́dọ̀ kan apátí, níbi tí à ń fà kí ìbọn tó dún, àfi tí ẹ bá ti pinnu láti yìn ín. Ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹ ń yìn àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní Ìsẹ́yìn, èyí tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n fi ń kìlọ̀ fún ọdẹ tó bá rí ewé tó mì nínú òkùnkùn: ó lè jẹ́ ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Níbí, ògiri inú ilé wa kò ju pákó àti páálí ẹfun lọ, ọta á sì gba inú rẹ̀ kọjá bọ́ sí yàrá ọmọ aládùúgbò. Ẹ fi àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí bí orúkọ ọmọ yín.

Ẹ̀kọ́ kò parí nítorí òfin ò béèrè rẹ̀

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21, tí òfin kò dá dúró, lè gbé ìbọn ìléwọ́ ní Texas láìgba ìwé àṣẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa gbọ́ èyí, wọ́n sì ra ìbọn lónìí, wọ́n gbé e lọ́la. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba ìwé àṣẹ náà, LTC ni wọ́n ń pè é. Owó ìjọba lórí rẹ̀ kò ju 40 dọ́là lọ. Kíláàsì rẹ̀ jẹ́ wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, ìdánwò orí ìwé wà, ti ọwọ́ náà wà. Òfin ìjọba àpapọ̀ kan wà tó ní kí ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ má gbé ìbọn dé ìwọ̀n 1,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ilé-ìwé. Ẹ ronú iye ilé-ìwé tí ẹ ń kọjá lára rẹ̀ láti ilé dé ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìdí tèmi gan-an ni kíláàsì yẹn fúnra rẹ̀: ìdajì ohun tó ń bà mí lẹ́rù, àìmọ̀ òfin ló bí i.

Obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun ló kọ́ mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo yin ọta kan ṣoṣo, mo gbé ìbọn kalẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi. Nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ, àyà lèèyàn ti ń gbọ́ ariwo yẹn kó tó dé etí. Obìnrin náà kò ní kí n ṣe ọkàn akin. Ó gba ìbọn náà, ó gbé èyí tó ń lo ọta kékeré tí wọ́n ń pè ní .22 fún mi, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ta ọwọ́ sókè. Ó ní kí n ki ohun ìdí-etí kékeré sí ihò etí, kí n tún gbé èyí ńlá bò ó lórí. Wákàtí kan lẹ́yìn náà, mo ti ń ka ihò orí bébà. Ẹ béèrè fún .22 lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yín, kí ẹ sì lọ ní ọjọ́ tí èrò kò pọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo máa ń lọ.

Ohun tó ń ṣe gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé ara á ti gbọ̀n kí ìbọn tó dún. Ojú á dì, ọwọ́ á tẹ ẹnu ìbọn wálẹ̀, ọta á lọ ba ìsàlẹ̀ bébà. Ẹ ní kí olùkọ́ bá yín ki magasíìnì, ìyẹn àpótí kékeré tí ọta ń wà nínú ìbọn, kó pò ọta ayédèrú tí kò ní ẹ̀tù mọ́ ojúlówó, kí ẹ má mọ èwo ló kàn. Tí ẹ bá fa apátí, tí kò dún, tí ẹ sì rí bí ọwọ́ yín ṣe já wálẹ̀ bí orí ẹni tó ń tòògbé, ẹ ti rí ohun tó ń dà yín láàmú. Kò sí ẹni tó lè ṣàlàyé rẹ̀ fún yín kó yé yín tó bí ẹ ṣe fojú ara yín rí i. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó tó lọ.

Ìdánwò ọwọ́ fún LTC kò le: ọta 50 ni, 20 láti yáàdì 3, 20 láti yáàdì 7, 10 láti yáàdì 15. Máàkì 250 ló pé, 175 ni wọ́n fi ń yege. Mo gba 221. Ẹni tó yege ti mọ bí wọ́n ṣe ń yìnbọn sí bébà tí kò mira ni o. Ẹ má fi ibẹ̀ ṣe òpin.

Lórí irú ìbọn tí ẹ máa rà, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á fi èyí tó kéré bí àtẹ́lẹwọ́ lé yín lọ́wọ́ torí pé obìnrin ni yín. Bí ìbọn bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ta ọwọ́ ẹni tó. Ibi ìdánrawò púpọ̀ máa ń fi ìbọn yáni. Márùn-ún ni mo yá kí n tó ra Glock 43X tí mò ń lò, torí ó tẹ́ẹ́rẹ́ tó fún ìka mi, ọta 10 sì ń wọ magasíìnì rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tí oríkèé ọwọ́ ń dùn, tí ẹ rò pé ẹ kò lè fa orí ìbọn, irin òkè rẹ̀ tó ń lọ síwá sẹ́yìn, sẹ́yìn, ẹ fi ọwọ́ òsì di orí rẹ̀ mú ṣinṣin sítòsí àyà, kí ẹnu rẹ̀ kọjú síbi ìdánrawò, kí ẹ wá fi ọwọ́ ọ̀tún ti ìdí rẹ̀ síwájú. Apá tí a fi ń gún iyán lẹ máa lò, ìka ò ní wàhálà púpọ̀ níbẹ̀.

Nínú ilé, kí ẹ tó jáde

Ibí ni àbúrò mi ti fò kọjá, ibí sì ni ìfọ̀kànbalẹ̀ ti ń wá.

Ìdánrawò aláìlọ́ta ni àkọ́kọ́. Lálẹ́, mo máa ń yọ magasíìnì, mo máa ń fa orí ìbọn sẹ́yìn, mo máa ń wo ihò ọta, níbi tí ọta tó kàn láti yìn máa ń wà, mo sì máa ń fi ìka kékeré kàn án, torí ojú tó ti rẹ̀ máa ń purọ́. Gbogbo ọta á wà ní yàrá kejì, ilẹ̀kùn á tì. Mo máa ń kọjú sí pẹpẹ ìwé tó kún dẹ́nu, kí ọta má bàa rí ibì kankan gbà bí àṣìṣe bá tilẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré: mo á fà á yọ lára àkọ̀ díẹ̀díẹ̀, mo á nà án, mo á fa apátí láìjẹ́ kí ẹnu rẹ̀ mì. Tí mo bá ti parí, mo máa ń sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé "Ó tán," mi ò sì ní padà síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tó ti ki ọta rẹ̀ padà, tó wá ní kí òun tún ṣe ẹyọ kan sí i, òun ló máa ń yìnbọn lu tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ wá gbé e wọ̀ nínú ilé. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ kò ní fi ọta kankan sí i. Ẹ fa orí rẹ̀ sẹ́yìn kó wà ní ìmúrasílẹ̀ pẹ̀lú ihò òfìfo, kí ẹ ki í sínú àkọ̀, kí ẹ máa ṣe iṣẹ́ ilé yín: ẹ gbálẹ̀, ẹ ro ọkà, ẹ gbé àpò gàrí, ẹ sùn gbọọrọ lórí àga. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bí a ṣe ń ṣe, ẹ kọjú rẹ̀ síbi tó láàbò, ẹ fa apátí. Tí ẹ bá gbọ́ "kẹ́", ìyẹn túmọ̀ sí pé láti àárọ̀ kò sí ohun tó fa apátí náà nínú gbogbo bí ẹ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ tí ẹ ń dìde. Èmi gbọ́ "kẹ́" yẹn fún alẹ́ 14. Àlàyé ẹnikẹ́ni kò ṣe fún mi ohun tí alẹ́ 14 yẹn ṣe. Ìbọn òde òní tí kò bàjẹ́, tó wà nínú àkọ̀ tó dáa, kì í ṣàdédé dún. Mo ti kà á tipẹ́. Ìgbà yẹn ni mo tó gbà á gbọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi magasíìnì tó ní ọta sí i pẹ̀lú ihò òfìfo fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tó wá gbé e bí olùkọ́ yín bá ṣe kọ́ yín.

Àkọ̀ tó dáa le, ó bo apátí pátápátá, kò sì rọ̀ wọlé nígbà tí ìbọn bá jáde nínú rẹ̀. Ẹ má ra aláṣọ rírọ̀. Tí ẹ bá ń dá ìbọn padà sínú rẹ̀, ẹ rọra, ẹ wò ó, ẹ yọ etí bùbá kúrò lọ́nà. Kò sí ẹni tó ń lé yín. Ẹ má sì gbé ìbọn sínú báàgì ọwọ́. Báàgì ni olè máa ń kọ́kọ́ já gbà, báàgì náà ni ọmọ-ọmọ yín máa ń tú wá súìtì.

Ìró kò ní bẹ́líìtì. Mo ti gbìyànjú kí n fi gèlè ọjà di àkọ̀ mọ́nú ìró, ó yọ̀ sílẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ilé ni mo ti ń dán an wò, kò sì sí ọta nínú rẹ̀. Àmùrè tó nípọn, tí àkọ̀ líle wà lára rẹ̀, ni mò ń lò báyìí lábẹ́ ṣòkòtò àti bùbá gígùn. Ẹ kúnlẹ̀ níwájú dígí bí ẹni tó ń kí àgbà, kí ẹ dìde. Bí ó bá gún yín níkùn, tàbí tí bùbá bá ká sókè, ẹ sún àkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ na ọwọ́ sí pẹpẹ òkè. Ẹ wọ ọkọ̀, ẹ di bẹ́líìtì, ẹ bọ́ sílẹ̀. Mo ní kí ọmọbìnrin mi wá ohun tí mo gbé sára. Ọjọ́ tó wò mí yí ká tí kò rí i ni mo mọ̀ pé ó kù kí n jáde.

Ìgbà àkọ́kọ́ níta

Ẹ lọ sí ibi tó sún mọ́lé, kí ẹ sì padà. Ilé epo ni èmi lọ, ogún ìṣẹ́jú. Gbogbo ojú ló dà bíi pé ó wà lára mi. Kò sí ẹnì kankan tó wò mí. Ohun tó máa ń tú àṣírí ẹni tuntun ni ọwọ́ rẹ̀: á máa fọwọ́ kan ibẹ̀, á máa fa aṣọ. Ẹ gbé ohun kan dání, kọ́kọ́rọ́ tàbí fóònù, kí ọwọ́ má ráyè. Lọ́jọ́ kejì, ẹ lọ sí ọjà. Láàárín oṣù kan, ìwúwo rẹ̀ á di ti ara yín.

Ẹ kọ́ ojú láti máa ka ẹnu ọ̀nà. Ní Texas, àkọlé tó bá ní 30.06 ń sọ fún ẹni tó ní LTC pé kó má gbé ìbọn tó fi pamọ́ wọlé, 30.07 wà fún èyí tí gbogbo ojú rí, 30.05 wà fún ẹni tí kò ní LTC. Àkọlé pupa tó kọ 51% wà ní ilé ọtí, ẹ má gbé e kọjá ibẹ̀. Ilé-ìwé, kóòtù, ibi ìdìbò, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ àti inú pápákọ̀ òfuurufú lẹ́yìn ibi àyẹ̀wò, gbogbo wọn jẹ́ èèwọ̀. Ní ti ṣọ́ọ̀ṣì, òfin Texas fàyè gbà á bí kò bá sí àkọlé, àmọ́ èmi lọ bá pásítọ̀ wa, mo bi í kí n tó gbé e wọlé, torí mi ò fẹ́ kí ìyá àgbà kan gbá mi mọ́ra kó ṣèèṣì mọ̀ ọ́n lára.

Òwàḿbẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi sílé. A máa jó, a máa kúnlẹ̀, wọ́n á náwó fún wa, àwọn mìíràn á mu bíà. Ọtí àti ìbọn kò bára gbé lára ẹyọ èèyàn kan, òfin náà sì lòdì sí i. Oògùn tó ń múni sùn wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ìnáwó bá gbé yín lọ sí Maryland, New York, Illinois tàbí California, ìwé àṣẹ Texas kò wúlò níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìbọn wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ síbi tí òfin ti gbà á gbọ́dọ̀ yọ gbogbo ọta rẹ̀, kó tì í sínú àpótí líle, kó sọ fún wọn ní káńtà, kó sì jẹ́ ẹrù tó ń lọ sínú ikùn ọkọ̀. Ẹ tú báàgì yín palẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò yín, kí ìbọn tàbí ọta má bàa kù síbẹ̀. Ti Nàìjíríà kò sí nínú ọ̀rọ̀ rárá: ìbọn ìléwọ́ wà lára èyí tí òfin ibẹ̀ kà léèwọ̀ fún ará ìlú láìsí àṣẹ Ààrẹ.

Nípa ọmọ: ọmọkùnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún 16. Ní Texas, bí ọmọ tí kò tíì pé 17 bá dé ibi ìbọn yín torí pé ẹ kò tọ́jú rẹ̀, ẹ̀yin ni ẹjọ́ máa bá. Ara mi ni ìbọn mi máa ń wà, tàbí inú sééfù. Ibi kẹta kò sí. Sééfù kékeré tó ní wáyà irin wà nínú ọkọ̀ mi pẹ̀lú, fún ibi tí mi ò lè gbé e wọ̀, torí inú ọkọ̀ ni àwọn olè ti ń rí ìbọn kó jù.

Tí ọlọ́pàá bá dá yín dúró

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ níbí, torí àwọ̀ wa àti ohùn wa. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 2016, ní Falcon Heights ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ọlọ́pàá dá Philando Castile dúró. Ó ní ìwé àṣẹ. Ó sọ fún ọlọ́pàá pé ìbọn wà lára òun. Ó kú lórí ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú obìnrin rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti ọmọ kékeré lẹ́yìn. Mi ò lè ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé ohun tí mò ń ṣe yìí ló máa gbà á là. Òun ni mo ṣáà ní.

Mo máa ń dúró síbi tí iná wà, mo máa ń tan iná inú ọkọ̀, mo máa ń sọ gíláàsì kalẹ̀, ọwọ́ mi méjèèjì á wà lórí sítíárì kí ọlọ́pàá tó dé. Òfin Texas ní kí ẹni tó ní LTC, tó sì gbé ìbọn sára, fi LTC rẹ̀ hàn pẹ̀lú ìwé ìwakọ̀ tí wọ́n bá béèrè ìdánimọ̀. Káàdì méjèèjì kì í sí nítòsí ìbọn mi. Inú àpò kékeré lókè ibojú oòrùn ni wọ́n máa ń wà. N kì í fi ọ̀rọ̀ ìbọn bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń ní mo ní ìwé àṣẹ LTC, ìbọn wà ní ìbàdí mi lọ́tùn-ún, kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe? Mo á wá dúró. Mi ò ní gbé ìka kan títí ó fi dá mi lóhùn, ohun tó bá ní kí n ṣe, mo máa ń kọ́kọ́ tún un sọ lẹ́nu kí n tó ṣe é. Mo máa ń dán an wò nínú gáráàjì, ọmọ mi á ṣe ọlọ́pàá.

Ìgbà tí ẹ kò ní fà á yọ

Òfin Texas kò gbà kí ènìyàn lo agbára tó lè pani torí èébú. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹ̀mí yín tàbí ti ẹlòmíràn wà nínú ewu ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, tí lílo agbára yẹn di dandan lójú ẹsẹ̀ láti gbà á, tí ẹ̀yin kò sì dá ìjà náà sílẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ yìí tilẹ̀ fàyè díẹ̀ sílẹ̀ lórí dúkìá, pàápàá lóru. Èmi kò gba àyè yẹn. Àpò owó kan máa ń wà lọ́wọ́ mi tí mo bá ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù, 60 dọ́là ni mo ń fi sínú rẹ̀, mo sì ti pinnu pé tí wọ́n bá ní kí n mú owó wá, màá jù ú sí ọ̀nà kan, màá sá gba ọ̀nà kejì. Ọmọ ẹlẹ́ni ni olè náà.

Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ìbọn, mo ti dẹ́kun fífi fèrè ọkọ̀ bá ènìyàn jà ní títì 59. Ẹni tó bá já níwájú mi, kó máa lọ. Bí inú bá ń bí mi láti ilé, ìbọn á wà nínú sééfù lọ́jọ́ náà. Ẹ ní nọ́ńbà lọ́yà kan lórí fóònù yín kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe 911, ẹ ní wọ́n kọ lù yín, ẹ ní kí wọ́n gbé áńbúláǹsì wá, ẹ gbé ọwọ́ sókè tí wọ́n bá dé, kí ẹ wá ní ẹ ó dúró de lọ́yà kí ẹ tó ròyìn.

Mo ṣì ń lọ dánrawò lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ọta 50, bóyá ó wù mí tàbí kò wù mí.

Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, mo ń ti ṣọ́ọ̀bù ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Mo rí ọkọ̀ kan níwájú ilé ìṣerun, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, iná rẹ̀ kò tàn, ènìyàn méjì wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2019, ǹ bá má rí i. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà nínú àgádágodo. Ọwọ́ mi kò lọ síbi ìbàdí. Ó yí kọ́kọ́rọ́ padà. Mo wọlé, mo tì í mọ́ra, mo pa iná iwájú, mo pe ọlọ́pàá, mo sì pe ọmọ mi pé kó má wá gbé mi. Mo jókòó sórí àpò ìrẹsì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjìlá, ọkọ̀ náà lọ, ta ni wọ́n, kí ni wọ́n ń wá, mi ò mọ̀ títí dòní. Mo fi ìka kan ọrùn ọwọ́ mi bí àbúrò mi nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ mi, mo ka bí ọkàn mi ṣe ń lù: 84. Mo dìde, mo parí ìṣírò ọjà ọjọ́ náà, mo dúró de ọlọ́pàá.